Aró Inú Omi Tó Ti Mọ́

Kíkẹ́lọmọ ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n kí ó tó mọ̀ pé òjòwú ni òun. Ṣáájú ìgbà náà, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń rojọ́ pé àwọn yẹ fóònù àfẹ́sọ́nà àwọn wò, ẹ̀rín ló máa ń fi wọ́n rín. Á ní ọkùnrin tó bá fẹ́ lọ, kò sí okùn tí èèyàn lè fi dè é. Kò tíì rí ẹni tí àìsí rẹ̀ lè dùn ún ni.

Aláró ni òun àti ìyá rẹ̀ ní Ìlárè, nínú ilé kan tó wà lórí òkè díẹ̀. Lẹ́yìn tó jáde ní pólì tí kò ríṣẹ́, ó padà sídìí aró, ó sì rí i pé ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n ju ìwé lọ. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń ṣe é: dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin lórí ìlà, okùn aṣọ láti ògiri dé ògiri. Bí wọ́n bá rẹ aṣọ tán, wọn á da omi tó kù sí gọ́tà, gọ́tà á sì gbé e lọ sísàlẹ̀. Ibi tó ń dé, Kíkẹ́lọmọ kò béèrè rí.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù Kejì, ó bá ọkùnrin kan tó lóṣòó sídìí gọ́tà wọn, tó ń fi ìgò kékeré bu omi aró.

"Ẹ kú iṣẹ́," ó ní. "Ṣé ẹ fẹ́ mu ún ni?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Aró ti kun ìka rẹ̀. "Rárá. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni."

"Ẹ bá bi mí. Aró ni, sódà ni."

"Ṣé aró ewé ni?"

"Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá ni. Ta ló tún ráyè gún ewé ẹ̀lú?"

Orúkọ rẹ̀ ni Adédàmọ́lá Ọmọ́tọ́ṣọ́, ó ń ṣiṣẹ́ ní lábù ẹ̀ka kẹ́mísírì ní yunifásítì. Nígbà tó dárúkọ ilé tó ti wá, ara Kíkẹ́lọmọ tutù. Ìyá ọkùnrin náà ni obìnrin ìsàlẹ̀ tí kò kí ìyá òun láti ọdún mọ́kànlá. Ní ọdún tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀, omi kànga obìnrin náà di búlúù, ọgbà ẹ̀fọ́ tó fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ sì kú láàárín oṣù mẹ́ta. Ó gòkè wá sọ ọ́, ìyá Kíkẹ́lọmọ sì ní kì í ṣe aró òun. Láti ìgbà náà, bí àwọn méjèèjì bá pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan á wo òsì, èkejì á wo ọ̀tún.

"Ṣé ẹ wá bá wa jà ni?" Kíkẹ́lọmọ béèrè.

"Bí mo bá wá jà, mi ò ní mú ìgò wá."

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, kò rántí mú ìgò wá mọ́. Á di etí aṣọ kan mú, Kíkẹ́lọmọ á di èkejì mú, wọn á jọ fún un, wọn á sì máa sọ̀rọ̀ títí aṣọ náà á fi gbẹ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó bá lọ tán, Kíkẹ́lọmọ á rí i pé òun ń ka ọjọ́. Ọmọ obìnrin tí kì í kí ìyá òun ni. Ó máa ń bá ara rẹ̀ wí, kò sì gbọ́.

Ní oṣù Kẹfà, Dàmọ́lá rán Bàbá Ògúndèjì sí ìyá ara rẹ̀ pé Kíkẹ́lọmọ ni òun fẹ́ fi ṣaya. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni bàbá náà, agbẹ́kànga tí kò sí àdúgbò tí kò ti gbẹ́lẹ̀ rí láti Ìlárè títí dé Mọ̀dákẹ́kẹ́. Kò pẹ́ tó fi gòkè padà wá, ó jókòó lórí àga ní ẹ̀yìnkùlé aláró, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹnu lásán ni mo gbé wá," ó wí fún ìyá Kíkẹ́lọmọ, "ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Àbúrò mi ní òun kò kórìíra ọmọ yín. Ó ní ọjọ́ tí omi ilé yín bá dé ẹsẹ̀ ọgbà òun ní funfun, ọjọ́ náà ni kí ẹ wá bá òun sọ̀rọ̀ ìyàwó."

"Aró mi kọ́ ló ba kànga rẹ̀ jẹ́," ìyá Kíkẹ́lọmọ dáhùn.

"Èmi gbẹ́ kànga náà, mo mọ ibi tí omi ti ń wọ̀ ọ́."

"Ẹ sọ fún un pé mo ní aró mi kọ́."

Bàbá Ògúndèjì dé fìlà rẹ̀ padà. Dàmọ́lá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bínú. Ó ní omi funfun tí ìyá òun béèrè, òun á gbé e dé ibẹ̀. Kíkẹ́lọmọ gbà á gbọ́. Kò mọ̀ pé orí ìlérí yẹn ni Ẹniolúwa yóò gbà wọlé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ orúkọ náà, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Dàmọ́lá ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní ẹ̀ka àwọn, ọmọ Ìpetumodù, tó ti ń ṣe ìwádìí lórí irú omi yìí láti ọdún mẹ́ta fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ń ti iná mànàmáná bọ inú omi aró, àwọ̀ rẹ̀ sì ń parẹ́. "Ọlọ́run ló gbé e kò mí," ó ní. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó di "Ẹniolúwa ní". Lẹ́yìn náà, "èmi àti Ẹniolúwa". Nígbà tó fi máa pé oṣù kan, ó ti di "a": a ti dín iyọ̀ kù, a pẹ́ ní lábù lánàá, a rẹ́rìn-ín títí. Kíkẹ́lọmọ jókòó tì í, ó mọ̀ pé òun kò sí lára "a" náà.

Ó lọ sí lábù náà lọ́jọ́ kan láì sọ tẹ́lẹ̀. Ó wọ aṣọ tó dára jù nínú èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ, ó gbé móínmóín dání. Ó bá àwọn méjèèjì nínú aṣọ funfun, tí wọ́n tẹ orí ba ife gíláàsì kan ṣoṣo.

"Ẹ káàbọ̀, Sistà Kíkẹ́," obìnrin náà ní. "Mo ti gbọ́ orúkọ yín títí." Ó rẹwà, kò sì jọ pé ó mọ̀. Ó fa àga fún Kíkẹ́lọmọ, ó fi nǹkan náà hàn án: ọ̀pá dúdú méjì tí wọ́n yọ nínú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú, wáyà, omi aró tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí.

"Ẹ wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn," Ẹniolúwa ní. "Bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe tò lórí okùn ló ń gbé àwọ̀. Bí iná bá gba inú omi oníyọ̀ kọjá, nǹkan kan á jáde lára iyọ̀ náà tó ń já okùn. Bí okùn bá já, àwọ̀ kò sí mọ́."

"Ó ń rùn bí oògùn tí wọ́n fi ń bó aṣọ funfun."

"Irú rẹ̀ náà ni. Ìdí nìyẹn tí omi náà fi gbọ́dọ̀ sinmi nínú oòrùn lẹ́yìn rẹ̀, kí a sì pa oró sódà rẹ̀. Kò ṣeé mu o. Ṣùgbọ́n kò ní pa ẹ̀fọ́ mọ́."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ó nawọ́, ó yọ awò lójú Dàmọ́lá, ó fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nù ún, ó sì dá a padà sójú rẹ̀. Kò dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Dàmọ́lá náà kò mira; ó dúró bí ẹni tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí Dàmọ́lá ń sìn ín dé ibi ọkọ̀, Kíkẹ́lọmọ béèrè: "Ṣé nǹkan kan wà láàárín yín?"

"Láàárín èmi àti ta ni?"

"O mọ ẹni tí mò ń sọ."

"Kíkẹ́, iṣẹ́ ni." Ojú ọ̀nà ló ń wò nígbà tó sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wu Kíkẹ́lọmọ jẹ dáadáa mọ́. Á wo èékánná ara rẹ̀ tí aró ti wọ̀, á rántí ọwọ́ Ẹniolúwa tó mọ́ tónítóní. Á rò pé ọkùnrin tó ń fi odindi ọjọ́ bá irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ ìwé, kí ló tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu òun? Nígbà míì ó máa ń bú ara rẹ̀: ṣebí nítorí tìrẹ ló ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, á tún rí ọwọ́ yẹn lójú Dàmọ́lá.

"Aṣọ yìí ti pẹ́ nínú aró," ìyá rẹ̀ wí fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Kí ló ń ṣe ọ́?" Ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yọ aṣọ náà. "Owú dà bí sódà. Díẹ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọ̀ mú aṣọ. Bó bá pọ̀, aṣọ náà ló máa jẹ."

"Ta ló ń jowú, Màámi?"

Ìyá rẹ̀ ti ń sá aṣọ náà sórí okùn.

Ní oṣù Kẹjọ, Dàmọ́lá na fóònù rẹ̀ sí i kí ó wo àwòrán pánẹ́ẹ̀lì sóólà tí wọ́n máa gbé wá. Bó ṣe dì í mú, iṣẹ́ kan wọlé lókè àwòrán náà, orúkọ Ẹniolúwa sì wà lórí rẹ̀. *Mo ti gbọ́ ohun tí o sọ. Jọ̀ọ́, má jẹ̀ẹ́ kí ẹlòmíì mọ̀. Jẹ́ kí a parí iṣẹ́ tó kù.*

Ó dá fóònù padà. Ó ní pánẹ́ẹ̀lì náà dára. Kò bi í léèrè, nítorí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà á ju ẹ̀rù àìmọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, "kí ẹlòmíì mọ̀", bá a sùn, ó bá a jí. Òun ni ẹlòmíì.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé: pánẹ́ẹ̀lì lórí páànù, bátìrì ọkọ̀, ogún ọ̀pá dúdú nínú dúrọ́ọ̀mù kan. Láti àárọ̀ ni iná ti ń ṣiṣẹ́ nínú omi náà, tí ìfóòfó ń dìde lára àwọn ọ̀pá. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Dàmọ́lá bu omi náà sínú ife, ó gbé e sókè. Ó mọ́. Ó dì mọ́ Ẹniolúwa, ó gbé e kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú, ó wá dì mọ́ Kíkẹ́lọmọ. Lẹ́yìn náà ni.

Wọ́n pọn ọ́n sínú garawa funfun, wọ́n jẹ́ kí ó fi gbogbo ọjọ́ Ẹtì sinmi nínú oòrùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ẹniolúwa pa oró sódà tó kù nínú rẹ̀, ó sì dé e. Òun àti Dàmọ́lá wá sọ̀kalẹ̀ lọ mú Ìyá Dàmọ́lá wá. Kíkẹ́lọmọ dúró, ó ń wo ẹ̀yìn wọn. Ẹniolúwa sọ nǹkan kan, Dàmọ́lá rẹ́rìn-ín, èjìká wọn fara kan ara. Ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ nínú ilé.

Ó ṣí ìdérí garawa. Omi náà wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere, ó dà bí ọmọ tí àwọn méjèèjì jọ bí. Ọmọ náà ni òun fẹ́ gbé fún ìyá ọkọ, kí wọ́n tó gba òun sílé. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, kò rò ó. Ó mú ìgbákọ, ó bu aró nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n pò ní ìdájí, ó dà á sínú garawa. Ó wọ inú omi náà ní àwọ̀ ewé, bí aró tuntun ti máa ń rí. Níṣojú rẹ̀, afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù. Ó dé e padà. Ó ń rò pé òun lè da omi náà nù kí òun sọ pé garawa ṣubú, ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ohùn wọn lójú ọ̀nà.

Ìyá Dàmọ́lá wọlé pẹ̀lú Bàbá Ògúndèjì. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gèlè rẹ̀ rọra wà lórí. Ó kí ìyá Kíkẹ́lọmọ ní gbólóhùn kan, ìyẹn náà dá a lóhùn. Dàmọ́lá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí garawa.

Búlúù ni omi náà. Ìyá Dàmọ́lá wo omi náà fún ìgbà díẹ̀. "Irú èyí tí mo rí lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn ni," ó ní.

Dàmọ́lá yíjú sí Ẹniolúwa. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Kí lo ṣe sí i? Ìwọ lo dé e."

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Nítorí ohun tí mo sọ fún ọ ní oṣù tó kọjá ni, àbí? Mo ní Kíkẹ́lọmọ ni mo fẹ́, o sì dúró títí di òní kí o tó san án padà."

Ẹniolúwa wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "O ṣèlérí pé o kò ní sọ ọ́. Mo sọ fún ọ pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, o ní rárá, mo sì gbọ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta nìyí, Dàmọ́lá. Mi ò lè bà á jẹ́ nítorí ọkùnrin." Ó wolẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

Kíkẹ́lọmọ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Òtítọ́ ni òun rí, irọ́ kọ́. Obìnrin náà fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà sì ti yan òun láì jẹ́ kí òun mọ̀. Bí òun bá dákẹ́ báyìí, Ẹniolúwa á kúrò láyé àwọn títí láé, kò sì ní sí ẹni tó máa mọ̀. Ó ku ẹnu dídé nìkan.

"Èmi ni," ó ní.

Ìyá rẹ̀ ní, "Kíkẹ́."

"Èmi ni mo da aró sínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ. Omi náà mọ́. Mo jowú ni."

Ìyá Dàmọ́lá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó yíjú, ó lọ. Ẹniolúwa kó ọ̀pá rẹ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dàmọ́lá ló kẹ́yìn. "O jẹ́ kí n fẹ̀sùn kan ẹni tí kò ṣẹ̀, níwájú ìyá mi," ó ní, ó sì tẹ̀ lé wọn.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kọjá. Dàmọ́lá kò pè é, òun náà kò sì pe Dàmọ́lá. Ìyá rẹ̀ kò bá a wí, èyí sì burú ju ìbáwí lọ.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, Bàbá Ògúndèjì yọ sí i. "Àbúrò mi ní kí o wá. Ìwọ nìkan."

Ó bá Ìyá Dàmọ́lá ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí ọgbà wà tẹ́lẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ìyá náà ní kí ó jókòó.

"Ta ló rí ọ nígbà tí o da aró yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi, Mà."

"Ọmọbìnrin kejì yẹn là bá máa bú títí dòní."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí ló wá dé tí o fi sọ ọ́? O kò mọ̀ pé ọkọ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀. Mo rí i bí Ẹniolúwa ṣe ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni pé ó ń rò ó bóyá òun ló ṣe é lóòótọ́. Mi ò lè fara dà á."

Ìyá Dàmọ́lá wo ilẹ̀ tí ọgbà rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. "Nígbà tí mo gòkè wá lọ́jọ́ kìíní," ó ní, "ìyá rẹ sọ pé bóyá àwọn ọmọ mi ló ń ju nǹkan sínú kànga. Opó ni mí nígbà náà. Mo padà sílé, mo na Dàmọ́lá nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì ṣe nǹkan kan." Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Omi funfun kọ́ ni mo ń wá. Ẹ̀gbọ́n mi ìbá ti gbẹ́ kànga míì fún mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan láti ilé yẹn wo ojú mi kí ó sọ pé, 'Àwa ni.'"

"Àwa ni, Mà," Kíkẹ́lọmọ ní. "Aró wa ni."

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ kejì, ó sọ̀kalẹ̀ láì mú ẹnikẹ́ni dání. Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ, kò sẹ́ni tí wọ́n sọ ọ́ fún, ṣùgbọ́n ọ̀sán ti pọ́n kó tó padà, ojú rẹ̀ sì wú.

Ọ̀dọ̀ Ẹniolúwa ló ṣòro jù fún Kíkẹ́lọmọ láti lọ. Ó bá a ní lábù, òun nìkan.

"Mo wá bẹ̀ yín," ó ní.

Ẹniolúwa ń fi yanrìn ha ọ̀pá dúdú kan. "Ẹ bá bi mí, Sistà Kíkẹ́. Ǹ bá sọ òtítọ́ fún yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò jí i."

"Mo mọ̀ báyìí."

"Mi ò tíì dárí jì yín." Ó ha ọ̀pá náà títí ó fi ń dán. "Ẹ bá mi gbé garawa yẹn wá. Ọwọ́ mi kò ká iṣẹ́ yìí nìkan."

Ó gbé e wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tún un ṣe ní ẹ̀yìnkùlé aláró, ẹ̀ẹ̀mẹta ni omi náà sì mọ́. Ìgbà kẹta, Ìyá Dàmọ́lá ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ bu ú, tó fi bomi rin ebè gbúre kan. Wọ́n dúró ọjọ́ mẹ́wàá. Gbúre náà yè.

Dàmọ́lá wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn aṣọ.

"Mo ti lọ bẹ Ẹniolúwa," ó ní. "Ó ní òun gbọ́. Ìyẹn nìkan ló sọ."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Mo rò pé bí mi ò bá sọ ọ́, á parẹ́ fúnra rẹ̀."

"Mo bi ọ́ lójú ọ̀nà ọjọ́ yẹn. O ní iṣẹ́ ni."

"Mo purọ́ fún ọ." Ó gba ọ̀rọ̀ náà láì yíjú. "Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

Kíkẹ́lọmọ ju etí aṣọ tútù kan sí i. Ó mú un, wọ́n jọ fún un.

Wọ́n ṣe ìyàwó ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìyá méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan. Ẹniolúwa kò wá. Ó ti gboyè, iṣẹ́ sì ti gbé e lọ sí Òṣogbo.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyàwó, fóònù Dàmọ́lá dún nígbà tó ń wẹ̀. Kíkẹ́lọmọ rí orúkọ náà. Owú àtijọ́ tún ta á. Ó dúró títí Dàmọ́lá fi jáde, ó na fóònù náà sí i kó pè é padà, ó sì jókòó tì í níbi tí etí òun ti lè gbọ́.

"Dàmọ́lá," ohùn Ẹniolúwa ní, "ìwọ kọ́ ni mò ń wá, nọ́ńbà Sistà Kíkẹ́ ni kò lọ. Àwọn aláró ibí ti lé mi jáde lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní mo fẹ́ fi iná ba aró àwọn jẹ́. Mo ṣàlàyé títí, wọn kò gbọ́ èdè mi. Gbé e fún un."

Kíkẹ́lọmọ gba fóònù náà. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń béèrè irú aró tí wọ́n ń lò, ta ni ìyá àgbà wọn, ṣé wọ́n ní gọ́tà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà gùn, ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, Ẹniolúwa náà sì rẹ́rìn-ín. Dàmọ́lá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tówẹ́ẹ̀lì lọ́rùn rẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń sọ láti àárọ̀?" ó béèrè.

"Iṣẹ́ ni," Kíkẹ́lọmọ dá a lóhùn, ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.